OMI NÍNÚ ILÉ FÚN ÌRỌ̀RÙN LÀKÚRÈGBÉ

 

Gbogbo wa la mọ bí làkúrègbé ti ń da àwọn àgbà wa láàmú. Ọ̀pọ̀ wọn kò lè forí kanlẹ̀ mọ́, orí àga ni wọ́n ti ń kírun. Ìrun àṣùbá ló wá le jù, nítorí oríkèé a máa gan lẹ́yìn oorun. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ohun tí omi lè ṣe sí i, àti ohun tí kò lè ṣe.

Ohun rírọ̀ kan ló bo orí egungun níbi tí egungun méjì ti pàdé. Bí ó bá ń jẹ díẹ̀díẹ̀, oríkèé á máa ro. Omi kò lè dá ohun tó ti jẹ padà. Ṣùgbọ́n omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ a máa la ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀, a sì máa dẹ iṣan tó le, ìrora á wá dínkù. Ọlọ́hun pàṣẹ fún Ànábì Ayyúbù nínú àìsàn rẹ̀ pé kí ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, omi ìwẹ̀ àti omi mímu sì jáde. Ní Ìkògòsì ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, omi gbígbóná àti omi tútù ń sun nítòsí ara wọn, àwọn ènìyàn sì ń lọ wẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n báàfù inú ilé náà tó.

Èkíní: Ẹ ri tówẹ̀lì sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ fún un, kí ẹ fi wé orúnkún fún ìṣẹ́jú 15 sí 20.

Èkejì: Bí ó bá jẹ́ ìka ọwọ́ ló ń ro, ẹ ki ọwọ́ bọ inú omi náà, kí ẹ máa pa á dé, kí ẹ máa là á. Bí ó bá jẹ́ orúnkún, lẹ́yìn tówẹ̀lì, ẹ jókòó sórí àga, kí ẹ na ẹsẹ̀ gbọọrọ nígbà 10.

Ẹ̀kẹta: Bí oríkèé bá wú, tó ń gbóná, omi tútù ló yẹ ẹ́. Ẹ fi aṣọ wé omi dídì, kí ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ má gbé e lé ara lásán.

Ẹ ṣọ́ra o! Omi híhó kì í ṣe oògùn. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè má mọ̀ pé omi ń jó òun lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ kéú, ẹ máa fi ìgúnpá yín tọ́ omi wò kí bàbá tàbí ìyá àgbà tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má fi ìpara bí Aboniki pa ojú ibi tí ẹ fẹ́ gbé tówẹ̀lì gbígbóná lé. Oògùn ìrora tí a ń lò lójoojúmọ́ láìbi dókítà léèrè lè ba inú àti kíndìnrín jẹ́.

Bí oríkèé bá ṣàdédé wú tí ibà sì tẹ̀ lé e, ẹ má dúró ti omi. Ẹ yára lọ sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Ring Road tàbí UCH.

Ẹni tí omi tútù ń ni lára lè fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ṣe àlùwàlá. Ìjókòó kírun kì í sì í ṣe àbùkù fún aláìsàn.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn àgbà wa ní àlàáfíà. Àmín.