Ẹ̀wà tí Yúróòpù kọ̀: ọ̀rọ̀ kan ọmọ yín ní yunifásítì!

Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́wà Bódìjà, ṣé ẹ rántí? Lọ́dún 2015, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà kò gbọdọ̀ wọ̀lú àwọn mọ́. Oògùn kòkòrò, dichlorvos, ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Ọmọ tí ẹ ń fowó ẹ̀wà rán lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, tó ní òwò òkè òkun lòun máa ṣe, ìwé-ẹ̀rí nìkan ò tó o. Kó mọ òfin ìlú tó fẹ́ tajà fún. Bí wọ́n bá gba ìsinmi, ẹ mú un wá sí ìsọ̀, kó fi àpò ọ̀rá tí atẹ́gùn ò lè wọ̀ tọ́jú ẹ̀wà láì lo oògùn.

Owó kòkó ló kọ́ Kòkó Háòsì ní Dùgbẹ̀, tó parí lọ́dún 1965. Òwò òkè òkun lérè, ṣùgbọ́n ẹni tí ò mọ òfin ọjà, ẹrù rẹ̀ ní í padà wálé.