Ta Ló Gbé Ìrọ̀rí Sábẹ́ Orí Mtoto?

"Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Ọ̀rọ̀ ìtùnú tí a sábà máa ń sọ nìyí fún ìyá tí ọmọ kékeré bá kú mọ́ lọ́wọ́. Ohun tí a ní lọ́kàn ni pé òmíràn yóò dé. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé láyé àtijọ́, nígbà tí ọmọ ń kú púpọ̀, òbí kì í ka ikú ọmọdé sí tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n egungun ọmọ kan tó ti wà nínú ilẹ̀ Kẹ́ńyà láti nǹkan bí 78,000 ọdún sẹ́yìn ń sọ ohun mìíràn fún wa.

Inú ihò àpáta tí wọ́n ń pè ní Panga ya Saidi, nítòsí etíkun Kẹ́ńyà, ni wọ́n ti rí i. Ní ọdún 2013 ni àwọn awalẹ̀pìtàn kọ́kọ́ kan díẹ̀ lára egungun náà. Ọdún 2017 ni wọ́n tó hú kòtò tí ó wà nínú rẹ̀ síta, ní nǹkan bíi mítà 3 sísàlẹ̀. Egungun náà ti jẹrà débi pé ó fẹ́ di lẹ́búlẹ́bú bí ọwọ́ bá kàn án, wọn kò sì tíì mọ̀ bóyá ti ènìyàn ni. Ẹni tó bá fi ìkánjú tú u yóò bà á jẹ́ kí ó tó mọ ohun tó jẹ́. Wọ́n wá fi POP, irú èyí tí dókítà fi ń di ẹsẹ̀ tó kán, yí gbogbo ìṣù erùpẹ̀ náà ká. Wọ́n gbé e lódindi lọ sí National Museums of Kenya ní Nairobi, wọ́n sì ti ibẹ̀ gbé e lọ sí ibùdó ìwádìí CENIEH ní ìlú Burgos, lórílẹ̀-èdè Sípéènì.

Níbẹ̀ ni ẹ̀rọ ayàwòrán ti ṣiṣẹ́ tí ọwọ́ kò lè ṣe. Micro-CT ni wọ́n ń pè é, ọmọ ìyá CT scan tí wọ́n fi ń yẹ inú aláìsàn wò ní ọsibítù. Ìtànṣán X-ray yóò gba inú nǹkan kọjá láti igun púpọ̀, kọ̀ǹpútà yóò sì to àwọn àwòrán náà pọ̀ títí inú rẹ̀ yóò fi hàn láìfọ́ ọ. Eyín, tó le ju egungun lọ, ló tú àṣírí: ènìyàn ni. Eyín àkọ́hù wà níbẹ̀, eyín àgbà sì ṣì ń dàgbà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ni, ọjọ́ orí tí àwọn ọmọ tiwa fi ń béèrè "Kí nìyí?" lórí ohun gbogbo. Wọ́n sọ ọ́ ní Mtoto, èyí tó túmọ̀ sí "ọmọdé" lédè Swahili.

Bí àwòrán ti ń hàn, tí wọ́n sì ń tú erùpẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe tẹ́ ọmọ náà hàn pẹ̀lú. Ìhà ọ̀tún ni wọ́n fi dùbúlẹ̀, wọ́n ká orúnkún rẹ̀ sí àyà. Egungun èjìká àti ìhà rẹ̀ fún pọ̀ bíi ti ẹni tí a fi nǹkan wé, bóyá awọ tàbí ewé. Orí rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni pé ohun tó rọrí lé ti jẹrà kúrò lábẹ́ rẹ̀. Erùpẹ̀ ilẹ̀ ihò náà ni wọ́n kó bò ó.

Nígbà tí ìwé ìròyìn Nature gbé ìwádìí náà jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, àwọn onímọ̀ pè é ní ìsìnkú ènìyàn bíi tiwa tó pẹ́ jù lọ tí a tíì rí ní Áfíríkà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ̀rọ kò lè sọ orúkọ tí ìyá ọmọ yìí ń pè é fún wa. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbẹ́ ilẹ̀, ó wé e, ó sì tẹ́ ẹ bí ẹni tó sùn. Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ tàbí ìbátan wa bá pàdánù ọmọ, kí á tó sọ pé agbè kò fọ́, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ jókòó ti ẹni tí omi rẹ̀ dànù.