Ẹ̀wù Tí Ó Yẹ Ẹni Tí Yóò Wọ Ọkọ̀ Ojú Omi

Àwọn àgbà wí pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Nítorí náà, bí ará Ìlọrin bá fẹ́ lọ bá ìbátan tàbí ọ̀rẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní agbègbè Pàtígi, ní ẹ̀bá odò Ọya, agbádá àti gèlè ni ó kọ́kọ́ máa ń wá sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n odò kì í bọ̀wọ̀ fún agbádá. Ó yẹ kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ léèrè kí ó tó wọ ọkọ̀: bí ọkọ̀ yìí bá dojú dé, ǹjẹ́ ohun tí mo wọ̀ yóò gbé mi léfòó?

Ní òru ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, ọdún 2023, àwọn ènìyàn láti abúlé mélòó kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Pàtígi ń ti ìgbéyàwó bọ̀ láti Egboti, ní Ìpínlẹ̀ Niger. Èrò pọ̀ jù nínú ọkọ̀ wọn. Ó kọlu igi inú omi, ó sì fọ́. Àwọn tí ó kú ju 100 lọ. Lẹ́yìn ọ̀fọ̀ náà, Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq kéde pé a ó pèsè 1,000 ẹ̀wù adóòlà-ẹ̀mí, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì, fún àwọn arìnrìn-àjò orí omi. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù tí a kó sí abẹ́ ìjókòó kò lè gba ẹnikẹ́ni là. Ìgbà tí ó bá wà lára ni ó ń ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Akèrègbè òfìfo kì í rì, nítorí afẹ́fẹ́ ni ó kún inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn apẹja Argungu fi ń gbé e wọ odò. Bákan náà ni fóòmù inú ẹ̀wù yìí ṣe kún fún afẹ́fẹ́. Ó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti gbé orí sókè omi, ìbáà ṣe ẹni tí kò mọ̀ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ní ti agbádá àti ìró ńlá, ńṣe ni wọ́n máa ń lọ́ mọ́ apá àti ẹsẹ̀.

Báwo ni kí a ṣe múra? Èkíní, ẹ wọ aṣọ tí ó fúyẹ́, bíi bùbá àti ṣòkòtò. Ẹ di agbádá àti gèlè sínú ọ̀rá, kí ẹ wọ̀ wọ́n nígbà tí ẹ bá gúnlẹ̀. Èkejì, ẹ wọ ẹ̀wù adóòlà-ẹ̀mí lé gbogbo aṣọ lórí, kí ẹ sì de okùn rẹ̀ ṣinṣin kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ìjì bá dé. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn di èjìká ẹ̀wù náà mú, kí ó fà á sókè: bí ó bá gòkè dé etí, ó tóbi jù. Nítorí èyí, ọmọdé kò gbọdọ̀ wọ ti àgbà. Yóò bọ́ lọ́rùn rẹ̀ nínú omi. Ẹ̀kẹrin, ẹ má gba èyí tí ó ti ya tàbí tí okùn rẹ̀ ti já, ẹ má sì fi í ṣe tìmùtìmù.

Ẹ̀wù nìkan kò tó. Ẹ má wọ ọkọ̀ tí ó kún jù, ẹ má sì rin odò lóru. A rọ ẹ̀yin baálé àti ẹ̀yin atukọ̀ pé kí ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ ṣí títí gbogbo èrò yóò fi wọ ẹ̀wù wọn. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ẹni tí ó bá gúnlẹ̀ láàyè ni yóò rí agbádá rẹ̀ wọ̀ dé ibi àríyá.