Ìrókò Lábẹ́ Kápẹ́ẹ̀tì

 

Ilé tí a rà ní Lọ́ńdọ̀nù, 1955 ni wọ́n kọ́ ọ. Kápẹ́ẹ̀tì tó ti gbó ló bo gbogbo pálọ̀. Lọ́jọ́ tí a ká a kúrò, pákó kéékèèké la bá lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n tò dàgẹ̀rẹ̀ síra wọn bí egungun ẹja. Parquet ni wọ́n ń pè é níbí. Bàbá àwọn ọmọ ní ká hú u dànù, ká tẹ́ táìlì. Èmi náà gbà.

Ká tó ṣe é, màmá mi dé láti Oǹdó. Màmá kì í rí ìdọ̀tí kí wọ́n dákẹ́. Ká tó jí, wọ́n ti da korobá omi ọṣẹ sílẹ̀, wọ́n ń fọ pálọ̀ bí ẹni ń fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nílé! Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, pákó ti wú, àwọn kan ru sókè bí ẹ̀yìn ìjàpá.

A pe káfíńtà. Ó ní pákó máa ń mu omi, á sì fẹ̀; bí kò bá ráàyè, òkè ló máa gbà. Omi kò mọ ọba pàápàá. Ní ààfin Versailles ní Faransé, mábù ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́, ṣùgbọ́n omi tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ ń jẹ igi tó gbé e ró nísàlẹ̀. Ní 1684, wọ́n kó mábù kúrò, wọ́n fi parquet rọ́pò.

Káfíńtà ní ká ní sùúrù kó gbẹ díẹ̀díẹ̀, òun á wá lẹ àwọn tó ṣí padà. Ó tún kìlọ̀ pé ká má fá ọ̀dà dúdú abẹ́ rẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò, torí asbestos lè wà nínú ọ̀dà ilé àtijọ́, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. 1999 ni ìjọba ibí tó fòfin de gbogbo rẹ̀.

Màmá mú pákó kan nílẹ̀, wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ìrókò rèé! Òun ni ilẹ̀kùn ilé bàbá mi."

Káfíńtà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, iroko."

Ọmọ mi obìnrin la ẹnu sílẹ̀: "Màmá àgbà, ta ló kọ́ yín ní orúkọ tí òyìnbó ń pè é?"

Màmá rẹ́rìn-ín. "Àwa la kọ́ òyìnbó."

Òótọ́ ni. Igi yìí ń hù káàkiri Áfíríkà títí dé ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n orúkọ Yorùbá ni àwọn oníṣòwò pákó fi ń tà á káyé.

A ò hú u mọ́. Ìgbálẹ̀ àti aṣọ tí a fún dáadáa la fi ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rí ilẹ̀ pákó níléèwé yín, ẹ béèrè irú igi tó jẹ́. Ó lè jẹ́ ará ilé yín.