Ilé Ọkọ̀ Tí Ó Di Ilé Pàǹtí

Lọ́sẹ̀ yìí a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa apá kan ilé tí àlejò kì í dé, tí onílé pàápàá kì í sì í fẹ́ wò. Gáréèjì ni à ń wí. A kọ́ ọ kí ọkọ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ oòrùn àti òjò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé púpọ̀ ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti ní Èkó. Ọkọ̀ tí a fi owó ńlá rà wà nínú oòrùn, nígbà tí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti tẹlifísọ̀n tí ó ti kú ń sùn lábẹ́ òrùlé.

Kò sí ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ sọ gáréèjì rẹ̀ di ààtàn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. A gbé nǹkan kan síbẹ̀ lónìí, a ní ó di ọ̀la. Ọ̀la dé, a gbé òmíràn lé e.

Àwa tí a ń kọ èyí kò gbọ́n ju ẹlòmíràn lọ. Ní ọjọ́ Sátidé kan, àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún 3, wọ gáréèjì lọ wá bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ó rí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan lẹ́bàá ògiri, ó sì gbé e sí ẹnu. Epo òyìnbó ni àwa fi ọwọ́ ara wa rọ sínú ìgò náà. Kí ìyá rẹ̀ tó gbà á, ó ti gbé díẹ̀ mì. Aládùúgbò kan ti gbé epo pupa dé kí a fún un mu, kí ó lè bì. A dúpẹ́ pé nọ́ọ̀sì kan wà nítòsí tí ó kọ̀. Ó ní a kò gbọdọ̀ mú un bì rárá, nítorí bí epo òyìnbó bá ń padà bọ̀ lọ́fun, ó lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, èyí sì ni ó ń pa ọmọ. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe, ọmọ náà sì yè. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ ni ó jẹ̀bi.

Ní Sátidé kejì, a kó gbogbo ẹrù jáde sí ìta. Gbogbo rẹ̀ ni a wí. Ẹni tí ó bá ń tò ó láti inú, láti igun kan sí èkejì ni yóò máa ti ẹrù kiri. A pín wọn sí ọ̀nà 4: èyí tí à ń lò, èyí tí ó wúlò fún ẹlòmíràn, èyí tí àwọn tí ń ra irin àlòkù yóò rà, àti èyí tí ó yẹ ààtàn. Ohun tí a kò fọwọ́ kàn fún ọdún 2 kò gbọdọ̀ padà wọlé, àfi bí a bá lè fi ẹnu sọ ìdí rẹ̀.

Níbi kẹ̀kẹ́ olóògbé baba wa ni ọwọ́ wa ti rọ. Ìpáàrà ti jẹ ẹ́, síbẹ̀ a kò lè jù ú nù. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin wò wá, ó ní, “Ṣé kí ìpáàrà lè jẹ ẹ́ tán ni Baba ṣe fi í sílẹ̀ fún wa?” A yọ agogo ara rẹ̀, a nù ún, a gbé e sí yàrá àlejò, a sì fi ìyókù fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe.

Kí a tó kó ẹrù padà, a wẹ ilẹ̀. Níbi tí eku bá yàgbẹ́ sí, ẹ má ṣe gbá a ní gbígbẹ. Ẹ da omi apakòkòrò sí i, kí ẹ sì nù ún, nítorí eku a máa gbé ibà Lassa kiri, àrùn tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní ìlú Lassa ní ilẹ̀ Bọ̀nọ́ ní ọdún 1969. A kan pẹpẹ mọ́ ògiri: ẹrù wúwo nísàlẹ̀, èyí tí ó fúyẹ́ lókè. Òòlù àti ayùn wà lórí ìṣó. Ọ̀dà àti oògùn kòkòrò wà nínú àpótí tí a tì. Táyà àlòkù kò padà wọlé, a kò sì fi í sílẹ̀ fún òjò, nítorí omi inú rẹ̀ ni ẹ̀fọn tí ń gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kiri fẹ́ràn láti yé sí.

Ọ̀rọ̀ pẹtiróòlù kò gba àwàdà. Oru rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ni ó ń rá gbà títí yóò fi bá iná pàdé. Ẹ má ṣe tọ́jú rẹ̀ sí gáréèjì tí ó so mọ́ ilé. Ẹ má sì ṣe tan jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀, bí ilẹ̀kùn tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, nítorí nínú èéfín rẹ̀ ni olóró kan wà tí a kò lè rí, tí a kò sì lè gbọ́ òórùn rẹ̀. Kí ó jìnnà sí fèrèsé tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ó kéré tán.

Ẹ̀yin bàálé àti ìyáálé, bí Sátidé bá dé, ẹ bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ igun kan péré. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wá àyè fún ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ wá gbogbo ìgò tí ohun inú rẹ̀ kò bá orúkọ ara rẹ̀ mu. Ẹ mú un kúrò kí ọmọ tó rí i.