Àbójútó ìlera eegun nínú àrùn jẹjẹrẹ próstéètì

Àbójútó ìlera eegun nínú àrùn jẹjẹrẹ próstéètì ni àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tí àwọn oníṣègùn ń ṣe kí eegun ọkùnrin tí jẹjẹrẹ próstéètì rẹ̀ ti gbilẹ̀ má baà kán. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ba eegun irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ jẹ́. Èkíní ni jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀, nítorí pé eegun ni ó sábà máa ń tàn dé, pàápàá eegun ẹ̀yìn, ìbàdí, ìhà àti itan. Èkejì ni ìtọ́jú tí a fi ń kápá rẹ̀.

Ní ọdún 1941, Charles Huggins àti Clarence Hodges fi hàn pé dídín họ́mónù ọkùnrin kù máa ń mú kí àrùn yìí rọlẹ̀; Huggins gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1966. Ìlànà náà ni a ṣì ń tẹ̀lé, yálà nípa yíyọ kórópọ̀n tàbí nípa abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n testosterone, àti estrogen tí ara ọkùnrin ń fi í ṣe, wà lára ohun tí ó gbé eegun ró. Bí wọ́n bá ti lọ sílẹ̀, eegun a bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, aláìsàn sì lè má mọ̀ títí yóò fi kán.

Àyẹ̀wò DXA ni a fi ń wọn bí eegun ṣe ki tó. Ní òṣùwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní 1994, T-score tí ó jẹ́ −2.5 tàbí tí ó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ ni osteoporosis. Ó yẹ kí a ṣe àyẹ̀wò náà bí ìtọ́jú họ́mónù bá ti ń bẹ̀rẹ̀, kí a sì máa tún un ṣe. Síbẹ̀, ó lè tan oníṣègùn tí kò bá ṣọ́ra jẹ. Jẹjẹrẹ próstéètì sábà máa ń mú kí eegun tuntun hù níbi tí ó bà sí. Eegun náà ki nínú àwòrán, ṣùgbọ́n kò le. Eegun ẹ̀yìn tí jẹjẹrẹ ti wọ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ gba èsì rere tí kò tọ́ sí i. Ìdí nìyí tí a fi ń wo ọrùn eegun itan pẹ̀lú, tí a sì ń fi àwòrán mìíràn, bí èyí tí a ń lo technetium-99m fún, wá ibi tí jẹjẹrẹ dé.

Oògùn tí a sábà ń lò ni zoledronic acid àti denosumab. Ìwọ̀n denosumab fún eegun tí ìtọ́jú họ́mónù sọ di fífúyẹ́ ni mílígíráàmù 60 ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà; fún eegun tí jẹjẹrẹ ti wọ̀, 120 ni, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, dókítà eyín gbọ́dọ̀ yẹ ẹnu aláìsàn wò, nítorí pé oògùn méjèèjì lè mú kí eegun àgbọ̀n kú, pàápàá lẹ́yìn yíyọ eyín. A tún ń wọn kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀, a sì ń yẹ kíndìnrín wò fún ẹni tí ń gba zoledronic acid.

Ìrora ẹ̀yìn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹsẹ̀ tí ń rọ tàbí ìtọ̀ tí kò jáde mọ́ lè jẹ́ àmì pé jẹjẹrẹ ti ń fún iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ilé ìwòsàn ni a ń gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀ fún àwòrán MRI, nítorí pé ẹsẹ̀ tí ó bá ti rọ tán kì í sábà padà bọ̀ sípò.