Ìwà Àìmọ́ ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà, àti Àwọn tí Ń Dájọ́ Rẹ̀

Ẹ̀yà kan ni Ìgbómìnà. Ìlá Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú mìíràn bọ́ sí Kwara. Èdè wọn kan ni, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tọrọ ìyàwó kò sì yàtọ̀. Síbẹ̀, bí ọkùnrin kan bá bá aya ẹlòmíràn lò pọ̀ ní Òmù-Àrán, òfin ìjọba lè rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n. Bí ó bá ṣe é ní Ìlá, kò sí ọlọ́pàá kan tí ó ní àṣẹ láti mú un nítorí rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ìlá ní òwúrọ̀ yóò dé Òmù-Àrán kí oòrùn tó kan àtàrí. Báwo ni ohun kan náà ṣe di ọ̀ràn ní ọ̀hún, tí kò sì jẹ́ ọ̀ràn níhìn-ín?

Ìdí tí a fi bèèrè ni pé a ti lọ́ ohun mẹ́ta pọ̀ mọ́ ara wọn, a sì ń pe gbogbo rẹ̀ ní àṣà àwọn baba wa. Àwọn mẹ́ta náà ni àṣà fúnra rẹ̀, ìlànà ìjọ, àti òfin tí Òyìnbó kọ. Olùkọ́ tí ń bá ọmọ ilé-ìwé wí, àti alàgbà tí ń yọ ẹnì kan kúrò nínú Oúnjẹ Olúwa, kò yẹ kí wọ́n fi ẹnu àwọn baba wa sọ ohun tí àwọn baba wa kò sọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àṣà. Àwọn àgbà ìgbàanì kì í wo ìbálòpọ̀ lásán kí wọ́n tó pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé, ta ni a ṣẹ̀? Ọmọbìnrin tí a bá ti tọrọ, tí a sì ti gba ìdáná lórí rẹ̀, ìyàwó ilé kan ni, bí kò tilẹ̀ tíì fi ẹsẹ̀ kan ilé náà. Ẹni tí ó bá bà á jẹ́ ti ṣẹ gbogbo ìdílé ọkọ, ìdílé tirẹ̀ ni yóò sì wá bẹ̀bẹ̀, tí yóò sì san ìtanràn. Àpẹẹrẹ kan wà tí ó fi èyí hàn gbangba. Alàgbà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, kọ ọ́ pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀ láyé àtijọ́, ó sì ka panṣágà pẹ̀lú ìbátan ọkọ mọ́ ìwọ̀nba ohun tí ó lè tú ìgbéyàwó ká. Ṣùgbọ́n bí ọkọ bá kú, tí ọjọ́ opó sì pé, àbúrò ọkọ kan náà ni àwọn ẹbí yóò ní kí ó ṣú u lópó. Obìnrin kan náà, ọkùnrin kan náà, inú agbo ilé kan náà: lánàá, èèwọ̀ ni, lónìí, ojúṣe ni. Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Alààyè ni a ṣẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Nígbà kejì, òkú ni a ń bá tọ́jú ilé.

Bákan náà ni ti abiyamọ. Ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú kì í sún mọ́ ọkọ rẹ̀ títí yóò fi já ọmọ náà lẹ́nu ọmú, èyí tí ó lè tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Bí ó bá tètè lóyún, tí ọmọ tí ó gbé dání sì ń rù, àwọn ìyá ilé yóò bá òun àti ọkọ rẹ̀ wí kíkan. Aya rẹ̀ ni o. Òfin ìjọ kankan kò pe ìyẹn ní ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ni a ṣẹ̀. Ilẹ̀ pẹ̀lú ṣe é ṣẹ̀: èèwọ̀ ni kí ọkùnrin bá obìnrin sùn lórí ilẹ̀ lásán nínú oko, àní bí ó jẹ́ ìyàwó rẹ̀, ètùtù ni wọ́n sì máa fi wẹ ilẹ̀ náà mọ́. Ètùtù ni wọ́n fi ń wẹ ìbálòpọ̀ àwọn ìbátan mọ́ pẹ̀lú.

Èyí tí ó le jù lọ ni ti olorì. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kan aya ọba ti fọwọ́ kan ìtẹ́. Johnson sọ ọ́ nípa Ọ̀yọ́ pé títẹ̀ lọ́dàá ni ìjìyà irú ẹni bẹ́ẹ̀ nígbà kan, pẹ̀lú ẹni tí ó bá ìbátan rẹ̀ tàbí ẹranko lò pọ̀. Ìwẹ̀fà ni wọ́n ń sọ wọ́n dà.

A kò gbọdọ̀ kọ ìyìn nìkan. Ẹrù ìdájọ́ yìí kò dọ́gba lórí ọkùnrin àti obìnrin. Ní òru ìgbéyàwó, obìnrin ni a ń wá ìbálé lára rẹ̀. Bí wọ́n bá bá a nílé, aṣọ funfun àti ẹ̀bùn yóò lọ sí ilé àwọn òbí rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Bí wọn kò bá bá a nílé, agbè ẹmu tí kò kún ni a ó gbé lọ, ẹnikẹ́ni tí ó bá rí i lójú ọ̀nà yóò sì mọ ohun tí ó wí. A kò gbọ́ agbè kankan tí a gbé lọ sí ilé ìyá ọkùnrin. Mágùn pẹ̀lú, tí a ní ọkọ ń fi sí ara aya láti pa àlè, ara obìnrin ni ó gbà kọjá, láìjẹ́ pé ó mọ̀. Yálà a gba mágùn gbọ́ tàbí a kò gbà á gbọ́, ìbẹ̀rù rẹ̀ ti ṣọ́ ilé púpọ̀ ju àlùgbàgbà lọ.

Nígbà tí ìjọ dé, ó mú ìbéèrè mìíràn wá. Kò bèèrè ẹni tí a ṣẹ̀ nínú ìdílé. Ó bèèrè ohun tí Ọlọ́run wí. Ọlọ́láyà méjì, tí í ṣe ẹni iyì nínú agbo ilé, wá di ẹni tí kò lè ṣe ìrìbọmi. Àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Lambeth ní 1888 pinnu pé kí a má ṣe ìrìbọmi fún ọkùnrin olóbìnrin púpọ̀, ṣùgbọ́n pé a lè ṣe é fún àwọn aya rẹ̀ nígbà mìíràn. Ọ̀ràn yìí wà lára ohun tí ó fa ìyapa tí ó bí ìjọ àwọn ènìyàn dúdú ní Èkó ní 1891 àti 1901. Ní 1988, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún gééré, Lambeth kan náà gbà pé a lè ṣe ìrìbọmi fún olóbìnrin púpọ̀ pẹ̀lú àwọn aya àti ọmọ rẹ̀, bí ó bá ṣèlérí pé òun kì yóò fẹ́ ẹlòmíràn mọ́, tí ìjọ ibẹ̀ sì gbà á. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ pé a fi agbára mú un láti lé wọn jáde. Àwọn baba àgbà wa kan ti kú sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ìjọ kí èyí tó dé.

Ìjọba Òyìnbó náà ní tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe ìgbéyàwó oní-òrùka lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó, tí ó tún fẹ́ ìyàwó mìíràn lọ́nà ìbílẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ni òfin náà kọ fún un. Bí a bá mú òfin yìí ṣẹ, ọ̀gbà ẹ̀wọ̀n kì bá gba àwọn ọlọ́lá ìlú! Ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀, tí òfin 1914 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ní tirẹ̀ sọ ìdáná di gbèsè: obìnrin tí ó bá san án padà ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ohun tí àwọn àgbà ń pè ní sísá kúrò nílé sì di ẹ̀tọ́ tí a kọ sínú ìwé.

Ìwé Òfin Ọ̀ràn ti 1916, tí ó kan gbogbo Nàìjíríà nígbà náà, kò ti Ìlá wá, bẹ́ẹ̀ ni kò ti Ọ̀yọ́ wá. Inú ìwé òfin Queensland ní Australia, ti 1899, ni a ti fà á yọ. Láti inú rẹ̀ ni abala 214 ti wá, tí ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí ìbálòpọ̀ tí ó ní ó lòdì sí ẹ̀dá. Queensland fúnra rẹ̀ ti yọ ìjìyà lórí ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin kúrò ní 1990; Nàìjíríà fi òfin tuntun kún tirẹ̀ ní 2014. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbèjà abala náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Ìwé Mímọ́ tàbí pẹ̀lú ìdí mìíràn, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe pe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ àwọn baba wa. Ìwé òfin kan náà, tí ó le tó bẹ́ẹ̀, kò sọ pé panṣágà jẹ́ ọ̀ràn.

Níhìn-ín ni ọ̀nà Ìlá àti ti Òmù-Àrán gbé pínyà. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Òyìnbó fa ààlà láàrin Ìlọrin àti ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Èkó, ìsọ̀kan 1914 kò sì pa á rẹ́. Ní 30 September 1960, ọjọ́ tí ó ṣáájú òmìnira, Ìwé Òfin Ìjìyà tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìhà Àríwá. Abala 387 sọ panṣágà ọkùnrin di ọ̀ràn, abala 388 sì sọ ti obìnrin, fún ẹnikẹ́ni tí ó wà lábẹ́ àṣà tí ó kà á sí ọ̀ràn. Ìjìyà rẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 2. Nígbà tí a dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ní 1967, ó jogún ìwé náà.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn, òdìkejì ni ó ṣẹlẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ kan dá obìnrin kan lẹ́bi panṣágà, nítorí pé ó ń bá ọkùnrin mìíràn gbé láìtíì kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní kóòtù. Ní 1961, Ilé-Ẹjọ́ Gíga fagi lé ìdájọ́ náà: Ìwé Òfin Ìlẹ̀ 1960 ní a kò gbọdọ̀ fi ìyà ọ̀daràn jẹ ẹnikẹ́ni fún ohun tí òfin tí a kọ sílẹ̀ kò pè ní ọ̀ràn. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà nínú ti 1999, abala 36. Láti ìgbà náà, owó ni ọkọ tí a ṣẹ̀ ní Ìlá lè bèèrè lọ́wọ́ àlè ní ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n.

Bí aya ará Ìlá bá wá bá ọkùnrin lọ sí Òmù-Àrán, ìdílé méjèèjì yóò ṣì jókòó bí àwọn àgbà ti ń jókòó, wọn yóò bèèrè ẹni tí a ṣẹ̀ àti ohun tí a ó san. Olùṣọ́-àgùntàn yóò bèèrè bí wọ́n bá ronú pìwà dà. Ọlọ́pàá ní tirẹ̀ yóò kọ́kọ́ bèèrè ìhà ààlà tí wọ́n sùn sí.